Bí a ṣe ń tún àdírẹ́sì iṣẹ́ òǹkọ̀wé ṣe lẹ́yìn tí àpilẹ̀kọ bá ti jáde

Ìlà kan péré ni lábẹ́ orúkọ ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ: ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, yunifásítì, ìlú, orílẹ̀-èdè. Àwọn oníjọ́nà ń pè é ní affiliation; àdírẹ́sì iṣẹ́ ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín. Òun ni ìgbìmọ̀ ìgbéga ń wò kí wọ́n tó ka àpilẹ̀kọ mọ́ni lọ́wọ́. Òun ni Scopus, àkójọ àpilẹ̀kọ ìmọ̀ lágbàáyé, fi ń mọ iye iṣẹ́ tó ti yunifásítì kan jáde. Òun náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde fi ń pinnu bóyá òǹkọ̀wé yẹ fún ẹ̀dínwó owó ìtẹ̀jáde. Fún àwa tí à ń ṣe ìmọ̀ àwùjọ, ó tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń ta tòmátì ní ọjà Wázò ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè wa, ní ẹ̀tọ́ láti mọ ilé-ẹ̀kọ́ tó rán wa wá, àti ibi tí yóò lọ bí ó bá ní ẹ̀hónú. Bí ìlà yẹn bá ṣì, a ti darí rẹ̀ sí ilé onílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ gidigidi. Ilé-ẹ̀kọ́ wa kan wà tó ti yí orúkọ padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìlú Ọ̀yọ́ àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń jẹ́ orúkọ kan náà, kọ̀ǹpútà kì í sì í mọ ìyàtọ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń kọ́ni níbí, tí wọ́n ń ka ìwé fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ̀ bóyá àṣìṣe ni lóòótọ́

Ìbéèrè kan ló ń yanjú èyí: níbo ni ẹ wà nígbà tí ẹ ṣe iṣẹ́ náà? Ibi tí ẹ wà lónìí kọ́, ibi tí ẹ wà lọ́jọ́ tí jọ́nà gbé e jáde náà kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ṣe ìwádìí, tó ń san owó oṣù yín tàbí tó gbà yín wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́ nígbà yẹn, òun ni orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀. Ìlànà APA, tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ìmọ̀ àwùjọ ń tẹ̀lé, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ibi tí a ti ṣe iṣẹ́ ló ń wà lábẹ́ orúkọ, bí òǹkọ̀wé bá ti kó lọ síbòmíràn, ibi tuntun á bọ́ sínú àlàyé nípa òǹkọ̀wé ní ojú ìwé àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ẹni tó gba dátà rẹ̀ nígbà tó wà ní LAUTECH (Ladoke Akintola University of Technology, Ògbómọ̀ṣọ́), tó wá rí iṣẹ́ sí Ajayi Crowther University ní Ọ̀yọ́ kí àpilẹ̀kọ tó jáde, kò ní ohun tí ó fẹ́ tún ṣe bí ó bá jẹ́ LAUTECH ló wà níbẹ̀. Springer Nature, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde kan, kọ ọ́ gbangba sínú ìlànà wọn pé àwọn kì í yí àdírẹ́sì padà lẹ́yìn tí àpilẹ̀kọ bá ti jáde nítorí pé òǹkọ̀wé kó lọ. Taylor & Francis kì í gbà á lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ́wọ́ gba iṣẹ́; kí ó tó dìgbà náà, a lè fi ibi tuntun sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Mo mọ̀ pé ọ̀gá tuntun lè máa rọ̀ yín pé kí ẹ fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ òun sínú àwọn iṣẹ́ àtijọ́. Ẹ má ṣe é. Ilé-ẹ̀kọ́ tó fún yín ní yàrá, àkókò àti owó oṣù nígbà náà ló ni ìlà yẹn.

Orúkọ tó yí padà náà kì í ṣe àṣìṣe. Emmanuel Alayande ní Ọ̀yọ́ di yunifásítì ní 2022. Àpilẹ̀kọ tó jáde ní 2017 tó pè é ní College of Education tọ̀nà, torí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni nígbà yẹn. Bákan náà ni yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́: Oyo State University of Technology ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990, kí ó tó di Ladoke Akintola. Nígbà tí ó wá kúrò lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun pa pọ̀ ní 2020, tó di ti Ọ̀yọ́ nìkan, àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò yí padà. Ibi ìforúkọsílẹ̀ kan wà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lágbàáyé tó ń jẹ́ ROR, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ló ń fún wọn, ó sì lè so ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ pọ̀ mọ́ èyí tó rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ti ń yanjú. Kò yẹ kí a torí rẹ̀ kọ lẹ́tà sí jọ́nà.

Èwo wá ni àṣìṣe gan-an? Nọ́ńbà kékeré tó wà lórí orúkọ, tó ń so ó mọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ṣípò padà, ilé-ẹ̀kọ́ Àyìnlá wá bọ́ sí abẹ́ orúkọ Àkànjí. Wọ́n kọ "Ladoke Akintola University, Oyo" láìfi "of Technology" àti Ògbómọ̀ṣọ́ kún un. Wọ́n gbàgbé ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ń ka oyè ọ̀mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú iṣẹ́ oyè yẹn ni àpilẹ̀kọ ti jáde. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Bowen tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ di ẹni tó wà ní Ìwó, torí pé Ìwó ni yunifásítì Bowen wà. Ní ti "Ogbomosho" tí wọ́n fi lẹ́tà h sí dípò "Ogbomoso", bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti hàn kedere, kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ yọ olóòtú lẹ́nu.

Èyí tó wúwo jù ni kí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ní 2023, Yunifásítì Córdoba ní Spéènì dá onímọ̀ kẹ́mísírì kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún 13, láìsanwó, nítorí pé ó ń kọ orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ Córdoba ni. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú àpilẹ̀kọ yín, ẹ tètè tún un ṣe kí ẹlòmíràn tó rí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ibi tí àṣìṣe náà fara pamọ́ sí

Ẹ ṣí àpilẹ̀kọ náà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà tó wà lórí ResearchGate tàbí nínú fóònù ọ̀rẹ́ yín kò tó. Ẹ wo PDF, ẹ sì wo ojú-ewé tí à ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn méjèèjì lè yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ api.crossref.org/works/ sórí bíráúsà, kí ẹ kọ DOI àpilẹ̀kọ náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ́ ọn. Ohun tó máa jáde kò fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "affiliation" nínú rẹ̀: ohun tí atẹ̀wéjáde fi sílẹ̀ nípa yín lọ́dọ̀ Crossref, ibi ìforúkọsílẹ̀ DOI, nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àkójọ mìíràn ti ń bu mu. Bí ẹ kò bá rí i rárá, kò burú. Ọ̀pọ̀ jọ́nà kì í fi í síbẹ̀.

Bí PDF bá tọ̀nà, tó jẹ́ Scopus nìkan ló ṣì, olóòtú kò ní iṣẹ́ kankan ṣe fún yín. Ẹ fò lọ sí ìgbésẹ̀ keje. Bí PDF bá tọ̀nà, tó jẹ́ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì tàbí Crossref ló ṣì, ìkọ̀wé kúkúrú sí àwọn tó ń bójú tó ìtẹ̀jáde sábà máa ń tó. Bí PDF fúnra rẹ̀ bá ṣì, iṣẹ́ gidi ló délẹ̀ yẹn.

Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ túlẹ̀ ímeèlì yín kí ẹ mọ ẹnu ọ̀nà tí àṣìṣe gbà wọlé. Nínú ìmọ̀ àwùjọ, ọ̀pọ̀ jọ́nà kì í jẹ́ kí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ àti àdírẹ́sì fi ń wà lórí ojú ìwé ọ̀tọ̀, tàbí kí ó wá tààrà látinú àkáùǹtì tí òǹkọ̀wé ṣí lórí Editorial Manager tàbí ScholarOne, àwọn ìkànnì tí a fi ń fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí jọ́nà. Ẹni tó bá ṣí àkáùǹtì yẹn nígbà tó ń ka oyè másítà, tí kò sì tún un ṣe láti ìgbà náà, àdírẹ́sì àtijọ́ ni yóò máa bá a kiri. Ẹ wo ojú ìwé orúkọ tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ wo àkáùǹtì, ẹ wo prúùfù tí wọ́n ní kí ẹ yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ dáadáa tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì, ẹ̀rí yín ti wà lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gba ẹnu gbogbo ẹni tí ẹ jọ kọ ọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dúró, kì í sì í ṣe nítorí ìlànà jọ́nà. Ìtìjú ni. Ọmọdé olùkọ́ ń wò ó pé ọ̀gá tó tọ́ òun sọ́nà ló kọ́kọ́ wà nínú orúkọ, òun ló sì ń bá jọ́nà sọ̀rọ̀. Báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé àpilẹ̀kọ ní àbùkù? Ohun tí ọ̀gá sábà ń bẹ̀rù ni pé wọ́n fẹ́ yí ètò orúkọ padà, tàbí pé wọ́n fẹ́ fa àpilẹ̀kọ yọ. Ẹ mú ẹ̀rù méjèèjì yẹn kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ná, kí ẹ tó wá kọ ọ́ sínú ímeèlì, irú báyìí:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ wa lórí àwọn oníṣòwò ọjà Akẹ̀sán tí mo bá yín sọ lórí fóònù nìyí. Wọ́n kọ ilé-ẹ̀kọ́ tèmi sí abẹ́ orúkọ Dókítà, wọ́n sì kọ tiwọn sí abẹ́ orúkọ tèmi. Kò kan àbájáde iṣẹ́ wa, kò sì kan bí orúkọ wa ṣe tò. Mo ti kọ lẹ́tà tí a ó fi ránṣẹ́ sí olóòtú, mo so ó mọ́ ímeèlì yìí. Bí ẹ bá rí ohun tí ẹ fẹ́ kí n yí padà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi, sà. Bí ó bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ bá mi dá ímeèlì yìí lóhùn pé ẹ fara mọ́ ọn, kí n lè fi han olóòtú. Ẹ ṣeun púpọ̀, sà."

Ẹ kíyè sí gbólóhùn tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn. "Ó dáa" lórí WhatsApp kò tó jọ́nà. Ímeèlì tó ní orúkọ àti ọjọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Bí ẹnì kan nínú yín bá ti kú, tàbí tí a kò rí i mọ́, ẹ sọ ọ́ fún olóòtú bó ṣe rí, kí ẹ sì so àwọn ímeèlì tí ẹ fi wá a mọ́ lẹ́tà. Bí ọ̀gá bá kọ̀ jálẹ̀ láti kọ̀wé, òǹkọ̀wé èyíkéyìí lè kọ̀wé sí olóòtú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn yòókù. Ẹ má ṣe é ní kọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kó ẹ̀rí jọ

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tàbí lẹ́tà ìgbàwọlé tó fi hàn pé ẹ wà níbẹ̀ lákòókò iṣẹ́ náà. Ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí. Lẹ́tà kúkúrú látọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ilé-ẹ̀kọ́ kan kún un, ẹ jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ̀ kí ẹ tó kọ̀wé. Ẹ bo owó oṣù àti nọ́ńbà fáìlì yín mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fi ẹ̀dà ránṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: lẹ́tà sí olóòtú

Èdè tí jọ́nà fi ń tẹ̀wé ni kí ẹ fi kọ ọ́, kó má sì kọjá ojú ìwé kan. Àkọlé àpilẹ̀kọ, DOI, ìdìpọ̀ àti ọdún ni kó ṣáájú. Tẹ̀ lé e ni àṣìṣe náà àti àtúnṣe rẹ̀, kí ẹ kọ méjèèjì jáde lódindi, kí olóòtú má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó:

Bó ṣe wà: Department of Agricultural Economics, Ladoke Akintola University, Oyo, Nigeria.
Bó ṣe yẹ kó wà: Department of Agricultural Economics, Ladoke Akintola University of Technology, Ogbomoso, Oyo State, Nigeria.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ bí àṣìṣe ṣe wọlé ní gbólóhùn kan tàbí méjì. Bó bá jẹ́ tiyín, ẹ gbà á. Bó bá jẹ́ ti àwọn tó to ìwé, ẹ tọ́ka sí prúùfù láìbínú. Ẹ sọ pé gbogbo yín ti fohùn ṣọ̀kan, kí ẹ so ímeèlì wọn mọ́ ọn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ń fò dá tí kò yẹ kí a fò. Ẹ bi ara yín pé: ǹjẹ́ àtúnṣe yìí kan ohun mìíràn nínú àpilẹ̀kọ? Bí ẹnì kan nínú yín bá ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kékeré tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó, tí àpilẹ̀kọ sì jẹ́ lórí àǹfààní irú owó ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n wá kọ orúkọ yunifásítì nìkan, ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá àdírẹ́sì. Òǹkàwé yẹ kí ó mọ̀ pé ẹni tó yin ọjà ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè pé kí wọ́n tún apá tó sọ nípa ohun tó lè fa ojúsàájú ṣe, kí ẹ sì wo apá tó sọ ẹni tó fi owó ṣètìlẹ́yìn àti èyí tó sọ ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ bèèrè gbogbo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tí jọ́nà yóò ṣe

Àpilẹ̀kọ tó ti jáde ti di àkọsílẹ̀; jọ́nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í yọ́ ọ yí padà. Àkíyèsí àtúnṣe ni wọ́n ń tẹ̀ jáde, tó ní DOI tirẹ̀, tí wọ́n sì so mọ́ àpilẹ̀kọ náà kí ẹni tó bá ṣí ọ̀kan lè rí èkejì. Bí àṣìṣe bá jẹ́ ti atẹ̀wéjáde, ọ̀pọ̀ ń pe àkíyèsí náà ní erratum. Bó bá jẹ́ ti òǹkọ̀wé, wọ́n ń pè é ní corrigendum. Àwọn kan kàn ń pe gbogbo rẹ̀ ní correction. Ilé-iṣẹ́ kan á tún PDF náà ṣe, á sì kọ ọjọ́ àtúnṣe sí i. Òmíràn á fi PDF sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń ṣe. Bí àpilẹ̀kọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọn kò tíì fi í sínú ìdìpọ̀ kankan, ẹ tètè sọ̀rọ̀, torí àtúnṣe sábà máa ń rọrùn nígbà yẹn.

Bí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde Elsevier bá kọ ọ́ pé àwọn òǹkọ̀wé kẹ́dùn, tí wọ́n sì ń tọrọ àforíjì, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Àtúnṣe kì í ṣe ìfàyọ, àpilẹ̀kọ yín sì wà ní ipò rẹ̀ bó ti wà.

Àwọn jọ́nà tí àwa fúnra wa ń tẹ̀ ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kò ní DOI, àwọn kan sì jẹ́ pé orí bébà ni wọ́n wà jù. Olóòtú ibẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń jókòó nínú ìpàdé, yóò sì fẹ́ ṣe yín lóore: "Ẹ fi PDF tuntun ránṣẹ́, màá fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀." Ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀dà bébà bá ń sọ ohun kan, tí ti íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ òmíràn, tí kò sì sí àkíyèsí kankan láàárín wọn, ìgbìmọ̀ ìgbéga lè rò pé ẹ fọwọ́ yí ìwé ni. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n tẹ àtúnṣe sínú ìdìpọ̀ tó ń bọ̀, kó ní nọ́ńbà ojú ìwé, kí orúkọ rẹ̀ sì hàn nínú àtòkọ ohun tó wà nínú ìwé. Bí jọ́nà bá wà lórí AJOL, ìkànnì tó kó àwọn jọ́nà Áfíríkà jọ, kí olóòtú gbé àtúnṣe náà sí ibẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ̀dà bébà bá wà ní ilé ìkàwé Olusegun Oke ní LAUTECH tàbí Kenneth Dike ní Ìbàdàn, ẹ mú ẹ̀dà àkíyèsí lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi sínú ìdìpọ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ tẹ̀ lé àtúnṣe náà dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé

Crossref ni kó ṣáájú, atẹ̀wéjáde nìkan ló sì lè tún ohun tó fi síbẹ̀ ṣe. Ẹ rán wọn létí. Lẹ́yìn náà ni Scopus àti Web of Science, àwọn àkójọ méjì tó ní fọ́ọ̀mù tí a fi ń bèèrè àtúnṣe. Ẹ so PDF tàbí àkíyèsí àtúnṣe mọ́ ọn. Bí ìwé tí a tẹ̀ bá ṣì ń sọ ohun tó yàtọ̀ sí tiyín, wọn kò ní gbọ́ tiyín, torí ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń dà kọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ jọ́nà.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní láti wo RePEc, àkójọ iṣẹ́ ètò ọrọ̀-ajé, pẹ̀lú, àti SSRN, ìkànnì tí a ń gbé ẹ̀dà iṣẹ́ sí, bí ẹ bá ní ẹ̀dà síbẹ̀. Lórí Google Scholar, àdírẹ́sì tí ẹ kọ sójú-ewé yín fúnra yín ló ń hàn. Ẹ tún un ṣe lọ́wọ́ ara yín. ORCID, àkáùǹtì ìdánimọ̀ àwọn olùṣèwádìí, ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ kọ ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí ẹ wọlé àti ọdún tí ẹ kúrò, kí ẹ sì yan orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ látinú àtòkọ tó bá jáde dípò kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Bí ọdún bá ti wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa bi yín pé kí ló dé tí LAUTECH wà lórí àpilẹ̀kọ 2019 nígbà tí ẹ wà ní Ọ̀yọ́ báyìí.

Bí jọ́nà bá kọ̀

Ẹ fún wọn láyè díẹ̀, kí ẹ rán wọn létí pẹ̀lú ìtẹríba. Bí kò bá sí èsì, ẹ kọ̀wé sí olóòtú àgbà, lẹ́yìn náà sí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde. Bí jọ́nà náà bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ COPE, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìwà tó tọ́ nínú ìtẹ̀jáde láti 1997, ẹ lè mú ẹjọ́ lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba gbogbo ọ̀nà ìfẹ̀sùn tí jọ́nà fúnra rẹ̀ là sílẹ̀. Nítorí náà ni kí ẹ ṣe tọ́jú gbogbo ímeèlì.

Nígbà tí ẹ bá wá ń to ìwé fún ìgbéga, ẹ kọ àpilẹ̀kọ náà sínú àtòkọ yín gẹ́gẹ́ bó ṣe jáde, kí ẹ kọ DOI àtúnṣe tàbí nọ́ńbà ojú ìwé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ àkíyèsí náà sórí bébà, kí ẹ sì fi í sẹ́yìn àpilẹ̀kọ nínú fáìlì. Bí àkíyèsí kò bá tíì jáde lọ́jọ́ tí fáìlì ń lọ, lẹ́tà tí olóòtú fi gbà láti tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ fi síbẹ̀.